Irin Ọ̀run Lórí Òṣùwọ̀n

"Ẹ tún un sọ, Màmá. Ọ̀run ló ti já?"

Ẹni tó ń ra irin àlòkù ní Sàngó ti ń rẹ́rìn-ín kí obìnrin àgbẹ̀ ará Ìjù náà tó sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀: irin pẹlẹbẹ kan tó tó ilẹ̀kùn.

"Inú oko ẹ̀gẹ́ mi ló já sí, tòun tiná."

"Ó la àárín ìràwọ̀ kọjá láìfarapa, kòtò Ọ̀tà ló wá gbé e ṣubú. Ta ni ẹlẹ́rìí yín?"

"Cornelius."

"Ẹni tí ẹmu ń fi ọ̀run hàn lójoojúmọ́. Páànù ilé iṣẹ́ tí ìjì ṣí ni. Ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n."

Ó gbé e sórí òṣùwọ̀n. Abẹ́rẹ́ kò mì.

"Òṣùwọ̀n yín tún ti bẹ̀rẹ̀," ni obìnrin náà wí. Ta ni kò mọ̀ pé òṣùwọ̀n yẹn máa ń jẹ nínú ẹrù ẹlẹ́rù?

Inú bí ọkùnrin náà. Ó gbé irin kúrò, ó gun orí òṣùwọ̀n fúnra rẹ̀. Abẹ́rẹ́ fò sókè. Ó gbá irin náà mọ́ra. Abẹ́rẹ́ rọra padà síbi tó ti gbéra.

Ẹ̀rín tán lẹ́nu rẹ̀. "Màmá, mo fi Ọlọ́run búra, n ò fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ yìí."

"Ta ni ẹlẹ́rìí yín?"

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe Cornelius."