Kápúsù Nínú Omi Adìyẹ

"Na ọwọ́ ọ̀tún rẹ sókè, kó o búra!"

Alága àwọn aládìyẹ ọjà Mùṣín ló ń jágbe bẹ́ẹ̀ mọ́ Lubabah.

Lubabah dúró níwájú àkámọ́ adìyẹ rẹ̀, híjáàbù gígùn bò ó dé orúnkún. Kò mira.

Àná ló padà sọ́jà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Kò tíì jókòó tó fi ń sọ fáwọn oníbàárà pé kápúsù apakòkòrò táwọn èèyàn ń lò ni àwọn aládìyẹ ń tú sómi adìyẹ lójoojúmọ́, pé kòkòrò àrùn ara adìyẹ ti mọ oògùn náà lójú, kò sì pa wọ́n mọ́.

"Dókítà ọsibítù Ìdí-Àràbà ti dé o!" Sìmíátù, aládìyẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé abẹ́rẹ́ lo wá gún fún wa ni?"

"Búra pé o ò ní sọ ọ́ mọ́," ni Alága wí, "àbí kó o kó ẹrù ẹ kúrò lọ́jà yìí."

"Alága, mi ò ní búra, mi ò sì ní kó ẹrù. Ẹni tó bá tó bẹ́ẹ̀, kó fọwọ́ kan àkámọ́ mi!"

"Mo ní na ọwọ́ sókè!"

Lubabah ká híjáàbù sí èjìká.

Apá ọ̀tún parí síbi ìgúnpá.

Ẹ̀rín kú mọ́ Sìmíátù lẹ́nu.

"Ọwọ́ tó kọ́ gbogbo yín bí wọ́n ṣe ń tú kápúsù sómi adìyẹ nìyẹn. Àkùkọ ha á lẹ́ẹ̀kan péré. Gbogbo oògùn tí dókítà fún mi, ìkankan ò ràn án. Ni wọ́n bá gé e."

Ó tẹjú mọ́ Alága.

"Ó yá, ẹ̀yin tọ́wọ́ yín ṣì pé, ẹ nà á sókè. Ẹ búra pé ẹ ò ní tú u mọ́."