Fọ́nrán Tí Kì Í Já

Dókítà na àwòrán kan sí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ránṣẹ́ pè láti ibi iṣẹ́. Ẹ̀wù funfun iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn obìnrin náà. Bó ṣe wo àwòrán ọ̀hún, ẹ̀rín bọ́ sí i lẹ́nu.

"Iṣẹ́ ọwọ́ mi rèé! Níbo lẹ ti rí i?"

Ó mọ̀ ọ́n bí ìyá ṣe ń mọ ọmọ: fọ́nrán èédú tí irun orí nípọn jù ú lọ fíìfíì, tó rí bí afárá oyin tí wọ́n ká bí ẹní. Ọdún mọ́kànlá ló fi ṣe é kó má lè já mọ́.

"Kí ló lè yọ́ ọ?"

"Kò sí o. Irin gan-an ò le tó o."

"Iná ńkọ́?"

"Kí iná tó jó o, èèyàn á ti di eérú. Kí ló dé, Dókítà?"

Dókítà wolẹ̀. "Inú ẹ̀dọ̀fóró Màmá yín la ti rí i."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀. Ikọ́ ló gbé Màmá dé wọ́ọ̀dù láti àná. Màmá kò dé ibi iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ rí. Àmọ́ ní gbogbo Sátidé, òun ló máa ń bá a gbọn ẹ̀wù iṣẹ́ yìí dáadáa kó tó fọ̀ ọ́.

Màmá fúnra rẹ̀ yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wúkọ́.

"Ọmọ mi, wọ́n ti rí oògùn ikọ́ mi àbí? Áà, wo èjìká ẹ! O ò lè ṣiṣẹ́ kó o má fi eruku ra ara ẹ ni?"

Kó tó ráyè yẹra, Màmá ti gbọn eruku náà nù pẹ́pẹ́, ó sì mí kanlẹ̀.