Ta Ni Yóò Mú Akínlàbí?

"Ẹ ti gbọ́? Wọ́n ní Àtàndá..."

"Àtàndá wa? Tó fẹ́ gbá básíkẹ́ẹ̀tì lọ́la?"

"Wọ́n ní kò gbá mọ́. Wọ́n ní Òṣogbo ti..."

Àwọn àgbà kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Ẹni tó bá borí láàárín Ẹdẹ tiwa àti Òṣogbo ló ń lọ Ìbàdàn, Àtàndá nìkan ló sì lè mú Akínlàbí, agbábọ́ọ̀lù Òṣogbo.

"Kí oníkálukú ṣọ́ ibi tirẹ̀," Bọ̀dá Sámúẹ̀lì dá a lábàá.

"Ṣọ́ kí ni? Igi àgbọn tó ń rìn nìyẹn! Kí ẹnìkan lẹ̀ mọ́ ọn ni."

Bàbá mi rẹ ohùn sílẹ̀. "Orúnkún òsì Akínlàbí ò dáa. Mo ti ní kí Àtàndá máa gbá a níbẹ̀."

Kò sẹ́ni tó wojú ẹnìkejì. Èmi ń bu omi fún wọn.

Ìyá mi ti ilé Àtàndá dé.

"Wọ́n ti rà á, àbí?" Bàbá mi bi í.

"Bàbá Fèyísọ́lá, bó ṣe sọ ọ́ gan-an nìyí: 'Màmá, mi ò lè gbá orúnkún tí sọ́jà fọ́ lọ́jọ́ tí Akínlàbí dùbúlẹ̀ bò yín, nígbà tí wọ́n ń na yín níbi tí ẹ tò sí láti ra ṣúgà.'"