Fádáhùnsí àti Àkùkọ Ẹlẹ́sẹ̀ Kan

"Àkùkọ dà?"

"Dákẹ́, Fádáhùnsí. Mò ń wòran."

"Mo ní àkùkọ dà, Hàbíbátù? Ọmọbìnrin yìí ti kọjá odò méjì, n kò rí àkùkọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀!"

"Bóyá wọ́n ti fi se ọbẹ̀. Jọ̀ọ́, gbé orí rẹ kúrò lójú mi."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ ní ẹ ti mọ ibi tó ń lọ. Ẹ bá mi dé ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ohun tó dé bá ọkùnrin tó ń béèrè àkùkọ yìí lè dé bá èmi, ó sì lè dé bá ìwọ náà.

1.

Láyé ìgbà tí oníbodè ṣì ń dúró lójú ọ̀nà Ìkòròdú, ìyá arúgbó kan wà ní Ìbidó, ní Ṣàgámù, tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ìtàn kan ṣoṣo ló máa ń sọ, kò sì sú ẹnikẹ́ni. Ọ̀dá dá ní ìlú kan. Ọmọbìnrin kan, Ọláìtán, gbéra lọ sí Ìlú Òjò, òun àti àkùkọ ẹlẹ́sẹ̀ kan. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, Ọba Òjò ti sùn lọ. Ọláìtán pè é títí, kò jí. Ìgbà tí àkùkọ kọ ló tó lajú, òjò sì rọ̀.

Gbogbo Ìbidó ló fẹ́ràn àkùkọ yẹn. Nítorí rẹ̀, ẹsẹ̀ kan ni àwọn ọmọdé fi ń fò lọ sódò. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ìtàn náà tó Fádáhùnsí, ahunṣọ. Bí ìyá bá gbàgbé gbólóhùn kan ṣoṣo, á ní, "Ìyá, ẹ ti fo ibì kan." Àwẹ̀ró á rẹ́rìn-ín, á sì padà sẹ́yìn.

2.

Lọ́dún kan, Ọ̀jẹ̀wálé, olórí àwọn eléré alárìnjò, gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu Àwẹ̀ró, ó ní òun yóò fi ṣeré. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi rán agọ̀ rẹ̀. Fádáhùnsí tọ̀ ọ́ lọ.

"Bàbá, ẹ mú mi mọ́ra. Eré ló wà lọ́kàn mi láti kékeré."

"O lè dá orin?"

"Ẹ bi Ìbidó léèrè, Bàbá."

"Ó dáa. Lọ́jọ́ eré, jókòó síwájú. Bí mo bá na ọwọ́ sókè, dá orin òjò. Kí n tó nà á, má lanu. Bí o bá ṣe é bó ṣe yẹ, a ó mú ọ lọ sí Ìkẹ́nnẹ́."

Inú Fádáhùnsí dùn débi pé ọjọ́ náà gan-an ló gbé òfì rẹ̀ fún àbúrò rẹ̀. Ó ní òun ti bọ́ lọ́wọ́ aṣọ híhun títí ayé.

3.

Eré yẹn dára! Wọ́n fi aṣọ aláró ṣe odò, odò sì ń ṣàn. Orí Ọba Òjò kan òrùlé. Ìkarahun ìgbín ló wà lára agọ̀ rẹ̀ látòkè délẹ̀, ó ń dún bí òjò lórí ewé. Hàbíbátù oníyọ̀ gbàgbé igbá iyọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ewúrẹ́ ń lá a. Ìyá Àwẹ̀ró fọwọ́ mú àyà.

"Háà! Bí mo ṣe ń rí i nínú mi nìyẹn!"

Fádáhùnsí nìkan ni ara rẹ̀ kò balẹ̀. Kò rí àkùkọ.

Ọláìtán pe ọba. Ọba kò jí. Ó tún pè é. Ó wá dákẹ́. Gbogbo gbàgede dákẹ́. Ọmọ ọwọ́ kò sunkún. Ọ̀jẹ̀wálé kò na ọwọ́.

"Wọ́n ti gbàgbé," ni Fádáhùnsí wí.

"Wọn ò gbàgbé nǹkan kan," ni Hàbíbátù dáhùn. "Dúró ná."

"Wọn ò mọ ìtàn yìí! Èmi ni mo mọ̀ ọ́n!"

Ó fò dìde, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó sì fi gbogbo ọ̀fun kọ: "Kékeréèkéé!"

Ẹ̀rín bú. Ọba Òjò tó ń sùn pàápàá, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n fún ẹ̀rín. Hàbíbátù ló kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn.

"Yéè! Ẹ wo òkè!"

Lórí òrùlé tó wà lẹ́yìn èrò, àkùkọ ẹlẹ́sẹ̀ kan dúró, ó ga bí ènìyàn, oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń kọ mànà lára ìyẹ́ rẹ̀. Níbẹ̀ ni Ọ̀jẹ̀wálé fi í pamọ́ sí, kó lè yọ nígbà tí ọkàn gbogbo èrò bá ti ń wá a. Àkùkọ náà ti lanu. Ó sì kọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́.

"Ìyá, n kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀," ni Fádáhùnsí ń bẹ̀bẹ̀.

Àwẹ̀ró nu ojú. "Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ń sọ fún yín pé ó kọ. Èmi fúnra mi kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí. Òní ni ǹ bá gbọ́ ọ."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ ṣọ́ra o. Bí ẹ bá fẹ́ràn nǹkan, ẹ má jẹ́ kí ìfẹ́ náà sọ yín di ẹni tó ń já iṣẹ́ gbà lọ́wọ́ oníṣẹ́. Ẹ jẹ́ kó parí kí ẹ tó ṣèdájọ́. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Fádáhùnsí fi ìkánjú lá a: òfì ti di ti àbúrò, eré kò sì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ó sáré bá àwọn eléré lẹ́yìn ìlú.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú mi lọ. Ní gbogbo Rẹ́mọ, kò sẹ́ni tó mọ ìtàn yẹn tó mi."

Ọ̀jẹ̀wálé kò bínú. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ agọ̀ rù, ó kọjú sí ọ̀nà Ìkẹ́nnẹ́.

"Òótọ́ ni, ọmọ mi. Ẹni tó mọ̀ ọ́n pọ̀ níbi gbogbo. Ẹni tó lè dúró dè é ni mò ń wá kiri."