Ojúlówó àti Ẹ̀rọ Tó Ń Tẹ Ère

Ojúlówó ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí ọ̀rọ̀ náà kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ère rọ́bà niṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan lókè òkun ló ń ṣe é ní wẹ́wẹ́ sínú páálí, orí lọ́tọ̀, apá lọ́tọ̀, ìrù lọ́tọ̀. Ojúlówó á rì í sínú omi gbígbóná kó lè rọ̀, á fi ọ̀bẹ gé etí rẹ̀, á lẹ̀ ẹ́ pọ̀, á sì kùn ún títí ẹranko abàmì yóò fi dìde lórí tábìlì, tí yóò la ẹnu bí ẹni fẹ́ gbéni mì. Nígbà kan, àwọn tó ń ṣe é ládùúgbò kì í ṣe kékeré. Nígbà tó yá, ó ku òun nìkan. Àwọn yòókù ti sá tẹ̀lé ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ kọ̀ǹpútà, èyí tó ń tẹ ère jáde díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, bí ikán ṣe ń mọ ilé.

"Ohun tí ẹ̀rọ bí kò lẹ́mìí," ó máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀. "Kí n di ojú mi, kí n kàn fọwọ́ kàn án báyìí, mà á mọ̀. Ọjọ́ tí páálí ojúlówó bá tán láyé, kí ẹ yáa palẹ̀ mi mọ́."

"Dádì, ẹ yé sọ bẹ́ẹ̀," ni ìyàwó rẹ̀ á wí.

Látìgbà tí orúnkún ti ń da Ojúlówó láàmú, ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a lọ gba páálí lọ́wọ́ ẹni tó ń kó o wọ̀lú. Páálí tó bá sì tú tán, obìnrin náà á kó òfìfo rẹ̀ lọ. Ó ní òun ń rí i lò. Àwọn tó ń dé lẹ́nu ọdún díẹ̀ yìí tiẹ̀ dára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Òórùn tó máa ń ta síni nímú bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí páálí kò sí mọ́, etí rọ́bà náà kò sì fẹ́ ọ̀bẹ púpọ̀. Àwọn ère àtijọ́, irú èyí tó kọ́kọ́ tò nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ni wọ́n tún ń gbé jáde.

Ojúlówó fọwọ́ pa ìyẹ́ ọ̀kan, ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé o rí i? Ìdíje ló kọ́ wọn lọ́gbọ́n. Wọ́n ti tún ọwọ́ iṣẹ́ wọn ṣe."

Ìyàwó rẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni, ó sì lọ gbé omi kaná.

Onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn ló kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀. "Ọ̀gá Ojúlówó, ìyàwó yín mà ti di oníbàárà ẹ̀rọ o! Ọ̀dọ̀ Onímáṣíìnì ni mo tún ti rí wọn, tàwọn ti báàgì ńlá. Ẹ jẹ́ n fẹnu mi mọ síbẹ̀."

Onímáṣíìnì yìí, Ojúlówó ló kọ́ ọ níṣẹ́ kó tó lọ ra ẹ̀rọ. Ìfura loògùn àgbà. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wọlé, ó kàn bi í níbi tó ti ń bọ̀.

"Mo yà kí àǹtí mi ni."

Irọ́ ni, ó sì dùn ún wọra. Láti ọjọ́ náà ló ti ń ṣọ́ ọ. Ó ń gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lórí fóònù, tó ń pa á bí òun bá ti yọjú. Lọ́jọ́ kan, ó gbójú sókè sí pẹpẹ, ó rí i pé Olórí-mẹ́ta, ère tó tò lọ́dún tí wọ́n ṣègbéyàwó, tó búra pé òun kò ní tà láéláé, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù nínú eruku.

Ọ̀rọ̀ yé e wàyí. Wọ́n ń kó iṣẹ́ rẹ̀ lọ fún ẹ̀rọ láti ṣe àdàkọ, ìyàwó rẹ̀ ló sì ń ṣílẹ̀kùn fólè. Bóyá kò tilẹ̀ mọ síbi ère nìkan. Owú àti ìbínú gbé e dìde. Ó mú òòlù, ó ń tiro lọ sọ́dọ̀ Onímáṣíìnì lójú ọ̀sán gangan.

Onímáṣíìnì dọ̀bálẹ̀ gbalaja bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. "Ẹ káàsán, ọ̀gá mi."

Olórí-mẹ́ta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń tẹ ère, lórí àwo kan tó ń yí po lábẹ́ iná, tí kámẹ́rà ń yà á yíká. Ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í.

"Ẹ̀yin méjèèjì lẹ ń jí mi tà!"

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó ná," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Kí n jókòó ti olè?"

"Ọ̀gá, èmi ni kẹ́ ẹ bínú sí," ni Onímáṣíìnì wí. "Ẹ má bá wọn wí. Wọn ò fẹ́ kí—"

Òòlù ti balẹ̀. Ojúlówó là á mọ́ ẹ̀rọ náà léraléra títí irin rẹ̀ fi wọ́, tí gíláàsì rẹ̀ fọ́ túútúú, tí iná ara rẹ̀ sì kú. Kò sẹ́ni tó dì í mú. Ó gbé Olórí-mẹ́ta sí abíyá, ara rẹ̀ fúyẹ́ bí ẹni sọ ẹrù kalẹ̀.

"Ó parí," ó wí. "Ó yá, Mọ́mì, dìde. Ká lọ sílé ká lọ gbé omi kaná, kí n tó ṣí páálí tuntun."

"Ilé-iṣẹ́ yẹn ti kógbá wọlé lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, Dádì," ni ìyàwó rẹ̀ wí, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, "ẹ̀rọ tí ẹ fọ́ yìí ló ti ń tẹ gbogbo ohun tí ẹ ń bá nínú páálí."