Igi Igbá Damaris

Ní gáréèjì Osi, lọ́dún 1981, Igbẹ́kọ̀yí di apá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú, kò fẹ́ kó wọkọ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ẹbí ló ní kí ẹ má dé Ìbàdàn.”

“Igi ni mo fẹ́ lọ wò,” Bàbá Ìbítóyè dáhùn. “Àbí ẹbí ti fòfin de igi?”

Ó já apá rẹ̀ gbà, ó wọkọ̀.

Ọgbà igi kan ní Ìbàdàn ló ń lọ, ó ti wà láti ayé òyìnbó. Ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti ń tọ́jú igi kí irú wọn má bàa run.

Bàbá ò wo ìrókò, kò wo àràbà. Ìdí igi igbá kékeré kan, irú èyí tí wọ́n ń fi kóró rẹ̀ ṣe irú, ló lọ tààrà, ó sì nawọ́ sí i.

“Bàbá, a kì í fọwọ́ kan igi níbí!” Sàhéèdì, ẹ̀ṣọ́ ọgbà, ń pariwo bọ̀.

Bàbá gbá igi mọ́ra.

“Ẹ mà lágídí o! Ṣé kò sí igbá lábúlé yín ni?”

“Oko mi ní Osi ni irúgbìn eléyìí ti wá.”

Sàhéèdì ṣí fìlà rẹ̀.

“Ṣé ẹ̀yin ni bàbá Dókítà Damaris tó ṣiṣẹ́ níbí kó tó kú?”

Bàbá ò tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

“Wọ́n ní èèwọ̀ ni kí n fojú kan sàréè ọmọ mi ní Ìbàdàn yìí. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbin igi yìí. Ẹni tó bá fẹ́ kí n kúrò níbí, kó wá gbé mi.”