Ìwé Àṣẹ fún Ilé Màmá Abíọ́nà

Wolé-wolé ti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bọ inú ògiri ilé náà tó lanu, kọ́kọ́rọ́ náà wọ inú rẹ̀ tán pátápátá, kò kan nǹkan kan. Ó fà á yọ, ó mú ọ̀dà pupa tí wọ́n fi ń sàmì sí ilé tó fẹ́ wó. Àdúrà tó gbà láàárọ̀ ni pé kí Olúwa má jẹ́ kí òun ṣojúsàájú ní àdúgbò Karmo yìí.

Màmá Abíọ́nà tó nilé bá bẹ̀rẹ̀ sí í kì í.

"Ọmọ Ìkòyí! Ọmọ ẹ̀ṣọ́ tí kì í kẹ̀yìn sógun! Ẹ ṣàánú opó."

Orí wolé-wolé wú. Àyà rẹ̀ yọ síwájú títí bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kan fi já. Kó tó mọ̀, ó ti buwọ́ lùwé pé ilé náà dára.

"Ṣé kí àwọn ayálégbé mi padà wá?" ni màmá wí. "Ṣọ́ọ̀ṣì òdìkejì ni wọ́n ń sùn látìgbà tí òjò ti la ògiri."

"Kí wọ́n máa bọ̀, ẹ̀rù ò sí."

Kíá ni wọ́n dé, ẹní lórí, ọmọ lẹ́yìn, wọ́n ń ṣàdúrà fún un. Ẹni àkọ́kọ́ ti gbẹ́sẹ̀ kan wọlé nígbà tí ojú wolé-wolé là.

"Ẹ dúró! Ẹ má wọlé." Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ màmá, ó fà á ya.

"Ọmọ Ìkòyí," ni màmá wí, "ògiri lásán ni ẹ̀ṣọ́ ń sá fún?"

Ó ti ń fi ọ̀dà pupa sàmì sára ògiri.

"Ẹ má bínú, Màmá. Ọmọ Ọ̀fà ni mí."